Ó Tì Pa O!

"Kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí gan-an?" Akẹ́yìn bi ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin náà mi etí kan, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Níwájú, ìyàwó rẹ̀ tún ti ju orí sẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì tún dé, ẹ̀rín kíkún tó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, èyí tí Akẹ́yìn rò pé òun nìkan ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Dókítà eléyín tó gun ẹṣin tẹ̀ lé e náà ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tẹ̀ síwájú lórí gàárì, ó sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín tún bú.

Aṣíwájú ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyàwó ní ọgbà ẹṣin tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Akẹ́yìn ni wọ́n ń pe ọkọ. Iṣẹ́ ló sọ wọ́n lórúkọ. Ní àárọ̀ Sátidé, bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ fi ẹṣin najú, wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn. Ìyàwó á wà níwájú torí òun ló mọ ọ̀nà, ọkọ á wà lẹ́yìn pátápátá láti máa kó ẹni tó bá ń falẹ̀ mọ́ra, kó sì máa ti géètì. Àwọn aláwàdà inú òṣìṣẹ́ a máa ní, "Akẹ́yìn, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ta ni ọkọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín tí kò dùn ún, àfi ìgbà tí Dókítà dé.

Dókítà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó tún wá ń bí Akẹ́yìn nínú nìyẹn. Bó bá jẹ́ aláfojúdi ni, ìbá rọrùn láti kórìíra. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, "Bọ̀dá Akẹ́yìn, ẹ kú iṣẹ́ o, ara ẹṣin ńkọ́?" Eyín rẹ̀ funfun bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni pátákó ìpolówó ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló sì ń mú àlọ́ tuntun kan wá fún Aṣíwájú, bí ẹlòmíràn ṣe ń mú èso lọ kí aláìsàn.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọ̀kan wálé rí. Ó ń fọ abọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ gbọ́ àlọ́ kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Àlejò tó bá wọlé, wọ́n á lù ú kúnná kó tó dé yàrá. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Eyín," ni Akẹ́yìn dáhùn láìgbójú sókè. "Kí ni dókítà eléyín tún lè pa lálọ̀ọ́ tó ju eyín lọ?"

"Háà! Ẹ tètè mọ̀ ọ́n o! Èmi rò ó títí dé ìdí ọ̀nà."

"Àlọ́ ọmọdé ni."

Ìyàwó rẹ̀ bá abọ́ rẹ̀ lọ. Kò tún pa òmíràn fún un mọ́. Akẹ́yìn kò rántí mọ́ pé òun lòun ti ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo ohun tó ń rò lórí ẹṣin láàárọ̀ yìí ni pé àlọ́ ti ń lọ, àlọ́ ti ń bọ̀, òun ò sì gbọ́ ìkankan níbẹ̀.

Kò sì lè ké pè é láti ẹ̀yìn pé kó yíjú wo òun. Èèwọ̀ ọgbà wọn ni. Aṣíwájú kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹṣin gbọ́n, ó mọ ibi tí ojú ẹni tó gùn ún wà. Bí ẹni iwájú bá ń wẹ̀yìn wò ṣáá, ẹṣin rẹ̀ á rò pé nǹkan ń lé wọn bọ̀, ìpayà ẹyọ kan á sì ran gbogbo wọn bí iná inú ọyẹ́. Nítorí náà, etí ni wọ́n fi rọ́pò ojú. Bí wọ́n bá dé géètì, gbogbo ẹṣin á kọjá, Aṣíwájú á dúró, á kọjú síwájú. Akẹ́yìn á sọ̀ kalẹ̀, á ti géètì, á fi ìkọ́ kọ́ ọ, á wá pariwo, "Ó tì pa o!" Ìgbà náà ni ẹni iwájú tó lè gbéra. Látìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣe é, ìyàwó kò wẹ̀yìn rí. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni ojú tó ní lẹ́yìn.

Nǹkan ìwúrí ni èyí jẹ́ fún Akẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ìwúrí náà di ìkanra. Kí ló ń rí lójúmọ́? Akoto dúdú, irun tó dì sábẹ́ akoto, àti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Dókítà ló ń rí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹni tó wà nítòsí ló ń jẹ ẹ̀rín.

Wọ́n dé géètì kejì pápá aládùúgbò, èyí tí wọ́n ń gbà jáde. Ọkùnrin tó ni pápá náà ń sin àwọn ẹṣin tí kò tíì gba gàárì sínú rẹ̀, ó sì ní akọ dúdú kan láàárín wọn tí ọrùn rẹ̀ ki bí òpó ilé, tí kì í fẹ́ rí ẹṣin àjèjì. Àdéhùn wà láàárín ọgbà méjèèjì: igun pápá nìkan ni àwọn Aṣíwájú máa gbà kọjá. Bàbá Olùṣọ́, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ pápá náà, á ti fi oúnjẹ tan àwọn ẹṣin náà dúró ní òdìkejì òkè, àwọn tó ń kọjá ò sì gbọdọ̀ fi géètì sílẹ̀ láìtì.

Ìyá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kẹ́yìn nínú àwọn oníbàárà. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí bó ti ń kọjá. Akẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀. Géètì náà ti wọ́. Èèyàn ní láti fi èjìká gbé e sókè kí ìkọ́ tó lè wọ òrùka rẹ̀, bí irin ò bá sì ró "kọ́", kò tíì wọ̀ ọ́. Ó gbé e, ìkọ́ yẹ̀. Ó tún gbé e, ìkọ́ tún yẹ̀.

Ó gbójú sókè láti nu òógùn, ìgbà náà ló rí Dókítà tó na ọwọ́ síwájú, tó fi ìka méjì yọ ewé gbígbẹ kan kúrò lára apá ìyàwó rẹ̀, rọra, bí ẹni yọ ẹ̀gún.

"Ó tì pa o!" ni Akẹ́yìn pariwo.

Ó fi ẹsẹ̀ ti géètì, ó bà sára òpó, ó sì dúró síbẹ̀. Lójú ẹni tó bá ń sáré, ó tì. Ó fò sórí ẹṣin. Níwájú, Aṣíwájú ti gbéra láìwẹ̀yìn.

Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ tóóró, ògiri ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì wà lọ́wọ́ òsì, kòtò ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún. Akẹ́yìn ti ẹṣin rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Tíṣà kọjá.

"Akẹ́yìn! Ta ló wá kù lẹ́yìn mi?"

"Mò ń bọ̀, Mà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ."

Kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó fẹ́ sọ. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ni. Ó dé ẹ̀yìn Dókítà, Dókítà yíjú, eyín rẹ̀ yọ síta. "Háà, Bọ̀dá Akẹ́yìn! Ẹ̀yin gan-an la ń..."

Ẹṣin Akẹ́yìn dúró gbagidi. Etí rẹ̀ méjèèjì yí sẹ́yìn. Gbogbo wọn wá gbọ́ ọ: ìró pátákò lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe ti ẹṣin kan, kì í ṣe ti méjì, wọ́n ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà géètì.

"Ẹnikẹ́ni má sáré o!" Aṣíwájú ti yí abo ẹṣin rẹ̀ padà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò ga. "Ẹni tó bá sáré, eré ìje ló pè wọ́n sí yẹn, wọn á sì bá a. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹṣin yín ti ògiri. Ẹ súnmọ́ra. Ẹ jókòó wúwo, ẹ má pariwo."

Àwọn ẹṣin náà yọ ní kọ́nà, eruku bò wọ́n. Akọ dúdú ló ṣáájú. Ó ti fa ọrùn wálẹ̀ bí ejò, etí lẹ̀ mọ́ orí, eyín ń tàn. Ìyá Tíṣà ni yóò kọ́kọ́ kàn, nítorí kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ibi tó yẹ kí Akẹ́yìn wà ṣófo. Òun ló yẹ kó kọjú sí wọn níbẹ̀, kó tú okùn tó wà lára gàárì rẹ̀, kó máa fì í. Torí ẹ̀ ni okùn náà ṣe wà níbẹ̀.

Ó fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ẹṣin Dókítà ti ń yí po lójú kan, ó ń wá ibi tó máa gbà sá lọ.

"Di ìjánu ẹ̀ mú!" ni Aṣíwájú pàṣẹ. Kò fi "ẹ" sí i bó ti máa ń ṣe fún ọkọ rẹ̀. Bó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó na ọwọ́, ó já okùn gbà lára gàárì rẹ̀, ó lọ.

Akẹ́yìn di ìjánu Dókítà mú. Ó fa orí ẹṣin náà mọ́ orúnkún ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i létí, ojú rẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Aṣíwájú ti fi abo ẹṣin rẹ̀ dínà síwájú Ìyá Tíṣà. Ó ń fi etí okùn yí po lójú òfuurufú, okùn ń ké fìì, fìì. "Padà! Padà sẹ́yìn!" Kò lé akọ náà, kò sì sá fún un. Bí akọ bá sún mọ́ ọn, okùn á ké níwájú imú rẹ̀. Bó bá dúró, òun náà á fa ẹṣin rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wá gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ lọ ràn án lọ́wọ́," ni Dókítà ń sọ. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ lọ."

"Bí mo bá fi yín sílẹ̀, ẹṣin yín á sá. Bó bá sá, gbogbo èyí tó kù á tẹ̀ lé e."

Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ọkùnrin tí òun ń jowú rẹ̀ ló dì mú ṣinṣin yìí, bí ẹni di ẹyin mú, ìyàwó rẹ̀ sì nìyẹn lọ́hùn-ún níwájú eyín àti pátákò, òun nìkan.

Akọ dúdú yí ẹ̀yìn padà lójijì, ó ta ìpá. Irin ìtẹsẹ̀ ró gbàà. Aṣíwájú ò ké, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ wọ́ sápá kan. Síbẹ̀, okùn ò yé ké lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ìró garawa. Bàbá Olùṣọ́ ló ń sáré bọ̀ láti ẹnu géètì, tó ń mi oúnjẹ ẹṣin nínú garawa ṣakaṣaka, tó ń súfèé. Àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin kọ́kọ́ yí padà. Akọ dúdú dúró, ó wo Aṣíwájú, ó wo ìdí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lọ síbi oúnjẹ. Ó fín imú, ó tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí Bàbá Olùṣọ́ ti kó wọn wọlé tán, ó padà wá, ó ká ọwọ́ lérí. Aṣíwájú jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti bọ́ bàtà. Ojúgun rẹ̀ ti ń wú.

"Mo gbé o! Ṣé ẹsẹ̀ ò kán? Mo gba géètì yẹn kọjá láàárọ̀. Àbí èmi ni mo gbàgbé rẹ̀? Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́..."

Ẹ̀rù Dókítà ti di ìbínú. "Bàbá, ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ènìyàn ìbá ti kú!"

"Ẹ dákun, sà. Wọ́n ti ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ sílé."

"Ẹ má bá Bàbá wí," ni Aṣíwájú sọ. "A ti kọjá lẹ́yìn Bàbá. Ọkọ mi ló ti géètì yẹn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá ní ó tì, ó tì. Ìkọ́ yẹn ló ti gbó, òun ló já sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ìlà oòrùn ni oòrùn ti ń yọ. Akẹ́yìn wo ìkọ́ náà láti òkèèrè. Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀ fún un gbayawu. Irin ò lẹ́nu tó máa fi sọ tẹnu rẹ̀.

"Kò tì," ni Akẹ́yìn wí.

Gbogbo wọn wò ó.

"Bàbá, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi ni. Ìkọ́ ò tíì wọ̀ ọ́ tí mo fi ké pé ó tì."

"Ẹn-hẹ́n," ni Ìyá Tíṣà wí, bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì bá sọ ìdáhùn tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ìyẹn lo fi ń sáré kọjá lára mi."

Bàbá Olùṣọ́ jókòó sórí garawa rẹ̀, ó ń mí. Aṣíwájú mú bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ wíwú náà bọ̀ ọ́. Ìrora hàn lójú rẹ̀. Akẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a fà á, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fi sílẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Aṣíwájú gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nínú yàrá, aṣọ tútù wà lórí ojúgun rẹ̀. Akẹ́yìn ń pààrọ̀ omi. Ìgbà tó pààrọ̀ omi tí kò gbóná rárá ni ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí ló ń lé yín?"

"Ó yọ ewé lára rẹ."

"Ewé."

"Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, ìwọ àti òun. Gbogbo ìgbà."

Ó wo ọkọ rẹ̀ títí. "Ẹ mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tí ẹ já àlọ́ eyín yẹn, mo lọ sọ fún un pé ọkọ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi já a. Ó dùn ún wọ eegun. Ó ní òun á pa èyí tí ẹ ò ní lè já. Láti ìgbà náà, bó bá ti dé: 'Kí ni Bọ̀dá sọ?' Ẹ̀yin sì ti ní àlọ́ ọmọdé ni. Ṣé kí n wá lọ sọ ìyẹn fún oníbàárà? Mo bá ń dáhùn fún yín. Mo ní ẹ ní ọ̀bọ ni. Mo ní ẹ ní ọ̀gá wa ni, ìgbà tó bá ń bínú. Lónìí, mo ní ẹ rò ó títí, ẹ sùn sórí àga."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Akẹ́yìn, ó gbé e mì.

"Mo fi orúkọ yín pa irọ́ ẹ̀fẹ̀ fún àjèjì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin fi ohùn yín pa irọ́ fún mi. Ohùn yẹn ni mo fi ń gun ẹṣin."

"Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"N ò sọ pé ó máa ṣẹlẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"N ò tíì mọ̀." Ó gba aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ojúgun.

Akẹ́yìn lọ bá ẹni tó ni pápá, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó má baà ku ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n á fi lé Bàbá Olùṣọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, òun àti Bàbá tún ri òpó géètì mọ́lẹ̀, wọ́n gbé géètì sókè, wọ́n fi ìkọ́ tuntun sí i. Ní báyìí, ọmọdé lè tì í.

Ẹsẹ̀ Aṣíwájú san. Sátidé tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan náà ni wọ́n tò: Dókítà, Ìyá Tíṣà, Akẹ́yìn lẹ́yìn pátápátá. Dókítà kí i, eyín ò yọ tó ti tẹ́lẹ̀. Kò mú àlọ́ wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níwájú, ọ̀nà náà sì wá gùn ju bó ti máa ń gùn lọ.

Ní géètì àkọ́kọ́, gbogbo wọn kọjá. Akẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìkọ́ kọ́ ọ. Irin ró. "Ó tì pa o!" ló ké.

Ẹni iwájú ò gbéra.

Aṣíwájú yíjú padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdí géètì, Akẹ́yìn rí ojú ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ akoto dúdú yẹn, gbogbo rẹ̀, bó ti wù ú láti rí i ní gbogbo Sátidé tó fi ń jowú. Ọkàn rẹ̀ sọ. Àfi bí ojú náà ṣe fò ó dá, tó kọjá lórí èjìká rẹ̀, tó lọ bà lé ìkọ́ géètì, tó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà síwájú. Ẹṣin gbéra.

Wọ́n la igun pápá já.

Ní géètì kejì, Akẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkọ́ sínú òrùka, irin ró "kọ́". Kò tíì ké. Ó kọ́kọ́ mi géètì náà, ó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kó má baà bo ìkọ́ náà, ó sì dúró de ìyàwó rẹ̀ kó yíjú.